SLAB, SLOB àti SLUB: bí kernel Linux ṣe fi ọdún mẹ́tàdínlógún yan olùpín mẹ́mórì kan ṣoṣo

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí ẹ̀dà 6.8 ti kernel Linux, ìyẹn ètò tí ó wà ní ọkàn Linux tí ó ń ṣàkóso ẹ̀rọ, jáde, fáìlì kan tí ó ń jẹ́ mm/slab.c kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni fáìlì náà ti wà níbẹ̀, ó gùn tó nǹkan bí 4,000 ìlà kóòdù, inú rẹ̀ sì ni olùpín mẹ́mórì tí à ń pè ní SLAB ń gbé. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà náà, nínú ẹ̀dà 6.4, wọ́n ti kọ́kọ́ yọ SLOB kúrò. SLUB nìkan ni ó ṣẹ́kù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti jọ wà nínú kernel kan náà láti ọdún 2007. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àkọsílẹ̀ yìí ni kí n tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun tí oníkálukú wọ̀n, ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ fi hàn, àti ìdí tí ó fi jẹ́ pé èyí tí ó yára jù nínú ìdánwò kọ́ ni ó pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Iṣẹ́ tí olùpín mẹ́mórì ń ṣe

Kernel ni ó ń ṣàkóso gbogbo mẹ́mórì inú ẹ̀rọ. Lórí àwọn ẹ̀rọ x86, ó pín in sí àwọn ojú-ewé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ báìtì 4,096, ètò kan tí ó ń jẹ́ buddy sì ni ó ń bójú tó wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, buddy yóò fún un ní ojú-ewé kan, tàbí méjì, tàbí mẹ́rin, tàbí mẹ́jọ tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa fi ìlọ́po méjì gòkè lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí kernel fúnra rẹ̀ ń lò kéré púpọ̀ sí ojú-ewé kan. Àkọsílẹ̀ tí ó fi ń rántí orúkọ fáìlì kan, èyí tí à ń pè ní dentry, sábà máa ń jẹ́ báìtì 192 lórí ẹ̀rọ oníbíìtì 64. Bí buddy bá fi odindi ojú-ewé kan sílẹ̀ fún ọ̀kan ṣoṣo nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ojú-ewé náà ni yóò ṣòfò.

Ìdí nìyí tí a fi nílò alágbàtà. Buddy dà bí oníṣòwò ńlá tí kì í ta gàárì àfi ní àpò, olùpín mẹ́mórì ni ó sì ń ra àpò náà tí ó ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n fún àwọn oníbàárà. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá alágbàtà náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, a ó wo bí ó ṣe ń tètè dá oníbàárà lóhùn, a ó wo iye ọjà tí ó kó sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà, a ó sì wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ọgọ́rùn-ún oníbàárà bá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Wàhálà gbogbo ìtàn yìí ni pé àwọn ohun tí à ń wò wọ̀nyí máa ń ta ko ara wọn. Èyí tí ó bá mú ìdáhùn yá ni ó sábà máa ń kó ọjà púpọ̀ sílẹ̀.

Jeff Bonwick ti ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ni ó fún irú olùpín yìí ní ìlànà tí ó wá di àṣà. Ó kọ ọ́ fún Solaris 2.4, ètò ìṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ó sì gbé àlàyé rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àpérò USENIX ní ọdún 1994. Ó ṣàkíyèsí pé kì í ṣe iye báìtì lásán ni kernel ń béèrè. Irúfẹ́ àwọn àkọsílẹ̀ kan náà ni ó ń béèrè léraléra, ìwọ̀n wọn dọ́gba, ìmúrasílẹ̀ wọn sì lè gba àkókò ju wíwá àyè fún wọn lọ. Nítorí náà, ó ní kí a ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún irúfẹ́ àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a gé ojú-ewé sí àwọn àyè tí ó bá a mu rẹ́gí, kí a má sì máa tú àkọsílẹ̀ tí wọ́n dá padà palẹ̀, ṣùgbọ́n kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà fún ẹni tí yóò tún béèrè. Ojú-ewé tí a gé báyìí ni ó pè ní slab. Mark Hemment ni ó mú ìlànà náà wọ inú Linux ní ọdún 1996 sí 1997.

Nígbà tí ìlà ìdúró bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mẹ́mórì

Bí iye CPU inú ẹ̀rọ kan ṣe ń pọ̀ sí i ni SLAB ti Linux náà ń ní àfikún. Kí CPU méjì má baà máa jà sí àpótí kan náà, ó fún CPU kọ̀ọ̀kan ní àtẹ tirẹ̀, tí wọ́n to àdírẹ́sì àwọn àyè tí ó ṣófo sí. CPU tí ó bá fẹ́ àyè yóò mú èyí tí ó wà lókè pátápátá, èyí tí ó bá sì dá padà, òkè náà ni yóò gbé e sí. Ẹwà ètò yìí ni pé àyè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tán ni wọ́n tún kọ́kọ́ ń mú, tí ó fi ṣeé ṣe kí ó ṣì wà nínú cache CPU náà, níbi tí ọwọ́ ti ń tètè tó o.

Fún ẹ̀rọ NUMA, èyí tí wọ́n pín mẹ́mórì rẹ̀ sí agbègbè-agbègbè, tí CPU kọ̀ọ̀kan sì súnmọ́ agbègbè kan ju àwọn yòókù lọ, SLAB tún ní oríṣi ìlà mìíràn tí wọ́n ń pè ní alien. Bí CPU kan bá dá àyè tí ó jẹ́ ti agbègbè mìíràn padà, orí ìlà yìí ni àyè náà yóò kọ́kọ́ dúró sí, títí wọn yóò fi kó àwọn irú rẹ̀ jọ padà sí agbègbè tí wọ́n ti wá. Ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì, iṣẹ́ kan a sì máa dìde lórí CPU kọ̀ọ̀kan láti yẹ àwọn àtẹ àti ìlà náà wò, kí ó lè dá èyí tí wọn kò lò padà.

Christoph Lameter wà lára àwọn tí wọ́n kọ apá alien yìí ní ọdún 2005. Òun kan náà ni ó padà wá sọ pé ètò náà kò lè gbé ẹrù tí ó ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ Silicon Graphics, tí a mọ̀ sí SGI, ni ó ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń tà níbẹ̀ lè ní CPU tó ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá ní agbègbè 1,000, tí agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ní láti ní ìlà fún gbogbo àwọn agbègbè yòókù, ìlà náà yóò tó mílíọ̀nù kan fún irúfẹ́ àkọsílẹ̀ kan péré, bẹ́ẹ̀ irúfẹ́ àkọsílẹ̀ tí kernel ń lò ju ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa. Nínú ìwé tí Lameter fi gbé àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2007, ó ṣàlàyé pé lórí àwọn ẹ̀rọ wọn tí ó tó ẹgbẹ̀rún kan agbègbè tàbí CPU, gígábáìtì mélòó kan ni ó ń lọ sórí títọ́jú àwọn ìlà yìí nìkan, láìtíì ka àwọn àyè tí ó wà lórí àwọn ìlà náà gan-an. Ó sọ pé ẹ̀rù ń bani pé lọ́jọ́ kan àwọn ìlà yìí lè jẹ gbogbo mẹ́mórì ẹ̀rọ tán. Mo ka èyí sí ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò sí ìdánwò ìyára kankan tí ì bá fi í hàn. SLAB ń yára dá CPU lóhùn lórí àwọn ẹ̀rọ yẹn, ṣùgbọ́n mẹ́mórì tí ó yẹ kí ó pín ni òun fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Orúkọ tí Lameter fún ohun tí ó kọ ni SLUB. Ó palẹ̀ gbogbo ìlà wọ̀nyí mọ́. CPU kọ̀ọ̀kan di slab kan mú gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀, inú slab yẹn ni ó sì ti ń mú àyè títí yóò fi tán. Àwọn àyè tí ó ṣófo so kọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n: inú àyè kọ̀ọ̀kan ni àdírẹ́sì èyí tí ó tẹ̀lé e wà, tí kò fi sí pé a ń wá àyè mìíràn tí a ó kọ wọ́n sí. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n náà wà nínú àkọsílẹ̀ kékeré tí kernel ti ń tọ́jú tẹ́lẹ̀ fún ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Bí irúfẹ́ àkọsílẹ̀ méjì bá jọ ara wọn ní ìwọ̀n, SLUB a pa àpótí wọn pọ̀ di ọ̀kan. Iṣẹ́ ìyẹ̀wò oníṣẹ́jú-àáyá-méjì kò sí mọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ wá ibi tí kóòdù kan ti ń ba mẹ́mórì jẹ́ lè kọ slub_debug sí ìlà àṣẹ tí ó fi ń gbé ẹ̀rọ dìde, nígbà tí SLAB ní tirẹ̀ ń béèrè pé kí onítọ̀hún tún gbogbo kernel kọ́. Lameter sọ pé ìyára pọ̀ sí i ní ìwọ̀n ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. SLUB wọ inú ẹ̀dà 2.6.22 ní oṣù keje ọdún 2007, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kẹwàá ọdún kan náà, nínú ẹ̀dà 2.6.23, òun ni kernel ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yan òmíràn.

Ìkẹta wọn, SLOB, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2006, nínú ẹ̀dà 2.6.16. Matt Mackall ni ó kọ ọ́ fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí mẹ́mórì wọn kò tó nǹkan. Àyè àkọ́kọ́ tí ó bá gba ẹrù ni ó ń lò, kóòdù rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í fi ohun púpọ̀ ṣòfò, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti ní ju CPU mélòó kan lọ, kò lè sáré mọ́.

Àwọn ìdánwò tí wọ́n ta ko SLUB

Kò pẹ́ tí SLUB gba ipò tán tí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2007, Steven Rostedt kọ sí àwọn olùkọ kernel pé lórí hackbench, SLUB rẹ̀yìn gidigidi sí SLAB lórí ẹ̀rọ ńlá tí ó ní ọ̀pọ̀ CPU. Hackbench jẹ́ ètò tí ó ń dá àwọn ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olùfiránṣẹ́ 20 àti olùgbà 20, tí wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn bí ó ti lè yá tó. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùpín mẹ́mórì. CPU kan ni ó mú àyè láti kọ ọ̀rọ̀ sí, CPU mìíràn ni ó kà á tán tí ó dá àyè náà padà. Nínú SLUB, àyè tí CPU mìíràn dá padà gbọ́dọ̀ padà sínú slab tí wọ́n ti gé e, bí slab náà bá sì ti kún tẹ́lẹ̀, ó ní láti tún wọ inú àkójọ àwọn slab tí ó ṣì ní àyè. Àgádágodo kan ṣoṣo ni ó ń ṣọ́ àkójọ yẹn ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, gbogbo CPU agbègbè náà sì tò sẹ́nu rẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́rọ Intel náà wá pẹ̀lú ìdánwò dátábéèsì ńlá, irú èyí tí ó ń ṣe bí ẹni pé ọ̀pọ̀ oníbàárà ń ra ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, SLUB sì tún wà lẹ́yìn SLAB níbẹ̀. Ìṣòro irú ìdánwò yìí ni pé ó ń béèrè ẹ̀rọ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ dísìkì tí ẹni tí ó ń kọ kóòdù kì í ní lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé kóòdù rẹ̀ fa ẹ̀yìn kò lè tún ìdánwò náà ṣe fúnra rẹ̀ láti mọ ibi tí àkókò ń lọ. Ó ń tún ibì kan ṣe, ó ń fi ránṣẹ́, ó sì ń dúró kí ẹlòmíràn bá a díwọ̀n. Mo gbà pé àìlètún-un-ṣe yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àríyànjiyàn náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò tí ó la ọ̀rọ̀ náà yéni jùlọ ni ti David Rientjes ní Google, tí ó lo netperf ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní TCP_RR. Ẹ̀rọ kan yóò fi ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́ sí èkejì, yóò dúró de èsì, èsì náà yóò dé, yóò sì tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń kà ni iye ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. SLUB lè ka iye ìgbà tí ó gba ọ̀nà kúkúrú, èyí tí ó yá, àti iye ìgbà tí ó gba ọ̀nà gígùn, èyí tí ó lọ́ra, bí a bá kọ́ kernel náà láti máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí Rientjes rí ni pé, nínú àpótí báìtì 256 àti ti báìtì 2,048, púpọ̀ jùlọ nínú ìdápadà ni ó ń gba ọ̀nà gígùn.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin nígbà tí a bá ronú sí bí SLUB ṣe wà. Ìdápadà máa ń yá bí àyè tí à ń dá padà bá jẹ́ ti slab tí CPU náà ṣì dì mú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn pákẹ́ẹ̀tì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn àwọn ìdì kéékèèké tí à ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nínú wọn, kì í parí iṣẹ́ wọn ní tẹ̀léńtẹ̀lé. Nígbà tí èyí tí CPU mú láìpẹ́ yìí bá fi parí iṣẹ́ rẹ̀, CPU náà ti kúrò lórí slab yẹn ó ti bọ́ sórí òmíràn. Báyìí ni ìdápadà kọ̀ọ̀kan fi ń kan slab mìíràn tí ó wà ní ibòmíràn nínú mẹ́mórì, slab tí ó kún yóò di èyí tí ó ní àyè ẹyọ kan, CPU yóò gbé e, yóò mú àyè ẹyọ kan náà tán, yóò sì tún lọ gbé òmíràn. SLAB kò mọ ìṣòro yìí rárá. Àtẹ rẹ̀ kò bìkítà nípa slab tí àyè kan ti wá. Orí àtẹ ni ó ń gbé e sí, iṣẹ́ parí. Èyí ni pé àwọn ìlà tí Lameter rí bí àjàgà lórí ẹ̀rọ SGI gan-an ni ó ń gbé SLAB lékè lórí àwọn sáfà Google. Àwọn méjèèjì wọ̀n ọ́n dáadáa, ohun tí oníkálukú wọn rí sì jẹ́ òótọ́ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Google ń bá a lọ láti lo SLAB fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹnìkan gbìyànjú láti fa méjèèjì pọ̀. Ní ìparí ọdún 2008, Nick Piggin gbé olùpín kẹrin jáde tí ó pè ní SLQB, tí ó dá ìlà padà fún CPU kọ̀ọ̀kan ṣùgbọ́n tí ó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ̀. Kò wọ inú kernel gbogbogbòò rí.

SLUB ní tirẹ̀ kò dúró lójú kan. Nínú ẹ̀dà 2.6.39 ní ọdún 2011, ọ̀nà kúkúrú rẹ̀ kò lo àgádágodo kankan mọ́, kò sì dá interrupt, ìyẹn ìpè tí ó ń dá CPU lẹ́nu iṣẹ́, dúró mọ́. Àṣẹ CPU ẹyọ kan ni ó ń pààrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, bí nǹkan mìíràn bá sì ti yọjú láàárín, nọ́ńbà náà kò ní bára mu, yóò sì tún un ṣe. Nínú ẹ̀dà 3.2, CPU kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú slab mélòó kan tí ó ṣì ní àyè sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí ó má baà máa sáré lọ bá àkójọ agbègbè nígbà gbogbo. Àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún tì í síwájú sí i. Lórí okùn tí ó ń gbé gígábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pákẹ́ẹ̀tì tí ó kéré jùlọ lè dé ní ìgbà mílíọ̀nù 14.88 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó fi jẹ́ pé nanosecond (ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá) 67.2 péré ni kernel ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín àkókò bẹ́ẹ̀, a kò lè máa béèrè àyè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jesper Dangaard Brouer pẹ̀lú Lameter ṣe ọ̀nà tí a fi lè mú ọ̀pọ̀ àyè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a sì dá ọ̀pọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọ inú ẹ̀dà 4.3 ní ọdún 2015.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tí àwọn ìdánwò wọ̀nyí kì í fi hàn. SLUB máa ń fẹ́ kí slab rẹ̀ tóbi, nítorí bí slab bá ti tóbi tó ni CPU yóò ṣe pẹ́ lórí rẹ̀ tó kí ó tó wá òmíràn. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, ó lè béèrè ojú-ewé mẹ́jọ tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, èyí tí í ṣe kílóbáìtì 32, lọ́wọ́ buddy. Lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ojú-ewé mẹ́jọ tí ó tò pọ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Lórí sáfà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́mórì ti fọ́nká, buddy kò sì ní irú rẹ̀ púpọ̀ mọ́, SLUB yóò sì ní láti gba slab kékeré. Ẹni tí ó tan ẹ̀rọ, tí ó ṣe ìdánwò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, ó wọn SLUB ní ìgbà tí ara rẹ̀ dá jùlọ. Bákan náà, ìdánwò tí ó ń mú àyè kan tí ó sì ń dá a padà lójú ẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ẹ̀kan, kì í jáde kúrò lórí ọ̀nà kúkúrú láé, bẹ́ẹ̀ kò sí ètò gidi tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá rí àfiwéra olùpín mẹ́mórì, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni bí ẹ̀rọ náà ti pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, àti ẹni tí ó ń dá àyè padà: ṣé CPU tí ó mú un ni, àbí òmíràn?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí

Ohun tí ó parí ọ̀rọ̀ náà wá láti ibòmíràn. Níwọ̀n ìgbà tí olùpín mẹ́ta bá wà, ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ fi kún ìṣàkóso mẹ́mórì ni wọ́n ní láti rò ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kíka iye mẹ́mórì tí ẹgbẹ́ ètò kọ̀ọ̀kan ń lò, wíwá ibi tí kóòdù ti ń fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, dídáàbò bo ẹ̀wọ̀n àwọn àyè lọ́wọ́ ọ̀daràn: gbogbo rẹ̀ ni ẹnìkan ní láti kọ fún SLUB, kí ó tún kọ ọ́ fún SLAB, kí ó sì ṣàlàyé ìdí tí SLOB kò fi ní in. SLOB ní ìṣòro tirẹ̀ pàápàá. Àyè tí a mú láti inú àpótí pàtó kò ṣeé dá padà fún un nípasẹ̀ kfree, ìyẹn ọ̀nà ìdápadà gbogbogbòò, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe lórí àwọn méjì yòókù. Nítorí ẹyọ kan tí àwọn tó ń lò ó kò pọ̀, gbogbo olùkọ kernel ní láti máa rántí òfin kan. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ nínú ẹ̀dà 6.4 ní oṣù kẹfà ọdún 2023, òfin náà bá a lọ.

Ti SLAB ṣòro jù bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní àwọn tí ó ń lò ó tọkàntọkàn. Vlastimil Babka ti ilé-iṣẹ́ SUSE ni ó gbé e siwájú, ó sì mú un dé LSFMM, àpérò àwọn olùkọ kernel, ní Vancouver ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ẹ̀rí tí ó wúwo jùlọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni PREEMPT_RT, ìyẹn kernel tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín àkókò tí a ti dá mọ́ ọn, irú èyí tí à ń fi sínú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Babka ti tún SLUB ṣe kí ó lè bá a rìn nínú ẹ̀dà 5.15. SLAB, pẹ̀lú àtẹ rẹ̀ tí ó ń dá interrupt dúró nígbà tí ó bá ń kó àyè lọ kó àyè bọ̀, kò lè bá a rìn, kò sì sí ẹni tí ó fara jìn láti tún un ṣe. Rientjes tún ṣe àfiwéra tuntun lọ́dún náà, èsì rẹ̀ kò sì dọ́gba: níbì kan SLUB ṣe dáadáa jù, níbòmíràn SLAB ṣì wà níwájú. Bí ó bá jẹ́ ìyára nìkan ni wọ́n ń wò, àríyànjiyàn náà ì bá ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára SLAB nínú ẹ̀dà 6.5 pé àkókò rẹ̀ ń tán lọ, kí ẹni tí ó bá ní ìdí tí kò fi lè kúrò lórí rẹ̀ lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì yọ ọ́ nínú ẹ̀dà 6.8.

Lójú tèmi, ìpinnu náà tọ́, ṣùgbọ́n ohun tí Rientjes wọ̀n kò di irọ́ nítorí pé wọ́n yọ SLAB. Babka fúnra rẹ̀ mọ èyí. Àtúnṣe tí ó ṣiṣẹ́ lé lórí lẹ́yìn náà, tí ó wọ inú ẹ̀dà 6.18 ní ọdún 2025, dá àtẹ padà fún CPU kọ̀ọ̀kan nínú SLUB, lábẹ́ orúkọ tuntun, sheaves. CPU ń mú àyè láti orí àtẹ rẹ̀, ó sì ń dá a padà síbẹ̀ láìbéèrè slab tí ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí SLAB ti ń ṣe. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ní ibi ìkópamọ́ tí ó ń jẹ́ barn, níbi tí CPU ti ń fi àtẹ tí ó ṣófo gba èyí tí ó kún, èyí tí ó jọ ọ̀nà tí Bonwick àti Jonathan Adams ti là sílẹ̀ fún Solaris níwájú àpérò USENIX ti ọdún 2001. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí SLAB wà níbi tí Lameter ti fi ìka tọ́ ka sí ní ọdún 2007. Àyè tí ó bá jẹ́ ti agbègbè mìíràn kì í gun orí àtẹ. Tààrà ni wọ́n ń dá a padà sí slab rẹ̀, kò sì sí ìlà alien kankan tí yóò máa di púpọ̀ bí agbègbè ṣe ń pọ̀ sí i. Nínú ẹ̀dà 6.18, àpótí tí wọ́n bá béèrè fún un nìkan ni ó ń lò ó, àwọn tí ó sì kọ́kọ́ béèrè ni àpótí vm_area_struct, tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ apá mẹ́mórì tí ètò kọ̀ọ̀kan ní, àti ti àwọn ẹ̀ka igi maple tí kernel fi ń wá wọn rí.